Noble Hill ní Cassville: Ilé-Ẹ̀kọ́ tí ó di Ilé Ohun-Ìṣẹ̀ǹbáyé

Ní ọdún 1923 ni àwọn adúláwọ̀ ìlú Cassville, ní ìpínlẹ̀ Georgia lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Noble Hill. Láyé ìgbà náà, òfin kò gbà kí ọmọ adúláwọ̀ àti ọmọ aláwọ̀ funfun jọ kàwé pọ̀, owó tí ìjọba sì ń ná lórí àwọn adúláwọ̀ kéré jọjọ. Àlàfo yìí ni Booker T. Washington, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee, àti Julius Rosenwald, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Sears, dá ètò kan sílẹ̀ láti dí. Láàárín 1912 sí 1932, ilé-ẹ̀kọ́ bíi 5,000 ni ètò náà ṣe ìrànwọ́ fún ní ìpínlẹ̀ 15. Noble Hill jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Orúkọ Rosenwald ni a fi ń pe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n orúkọ náà bo nǹkan mọ́lẹ̀. Owó Rosenwald kì í jáde àfi bí àwọn ará ìlú bá dá tiwọn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.7 dọ́là ni àwọn adúláwọ̀ dá lápapọ̀. Ti Rosenwald tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.3. Àwọn mìíràn fi ilẹ̀, igi tàbí agbára wọn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwọn kan náà ló ń san owó orí: ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sanwó ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Ó jọ ọ̀wẹ̀, àmọ́ ọ̀wẹ̀ tí ìrẹ́jẹ sọ di dandan ni.

Fèrèsé ńláńlá ni a fi ń dá irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ̀. Kì í ṣe torí ẹwà. Iná mànàmáná kò dé ọ̀pọ̀ ìgbèríko, oòrùn ni wọ́n fi ń ríran kàwé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ni wọ́n ti ń lo àwọn ilé náà fún ìpàdé ará ìlú.

Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ìdájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní 1954, tí ó fòfin de ìyàsọ́tọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ló ti àwọn ilé wọ̀nyí pa. Ti Noble Hill yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n tì í ní 1955, ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó ṣì jẹ́ ti àwọn adúláwọ̀ nìkan ni wọ́n kó àwọn ọmọ adúláwọ̀ agbègbè Bartow jọ sí. Ilé yí padà, ìyàsọ́tọ̀ kò yí padà.

Ní àwọn ọdún 1980, Ọ̀mọ̀wé Susie Weems Wheeler, tí ó ti kàwé níbẹ̀ rí, wà lára àwọn tí ó ṣáájú àtúnṣe rẹ̀. Ní 1987 ni wọ́n fi orúkọ ilé náà sínú àkọsílẹ̀ ibi ìtàn ti ìjọba àpapọ̀. Ní 1989 ni ó ṣí gẹ́gẹ́ bí Noble Hill-Wheeler Memorial Center, ilé ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé àti gbọ̀ngàn àṣà fún àwọn adúláwọ̀ agbègbè náà. Ó ti ju ọdún mẹ́wàá lọ tí ó ti ń gba àlejò kí National Trust for Historic Preservation tó kéde, ní 2002, pé àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Rosenwald wà nínú ewu ìparun.