Kíkó Ni Tàbí Dídàkọ? Fáìlì Tí Ń Wọ Inú Iyè Kọ̀ǹpútà

Nínú èdè-ìperí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, fáìlì àti àdírẹ́sì kò fa ìjà, nítorí pé Yorùbá ti yá wọn, wọ́n sì ti mọ́ ọn lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni àṣẹ bá ohun tí ènìyàn ń tẹ̀ sójú ìlà fún ẹ̀rọ mu rẹ́gí. Orí irinṣẹ́ bíi GDB, tí Richard Stallman kọ ní 1986, ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Irinṣẹ́ yìí máa ń dá ètò dúró lẹ́nu iṣẹ́ kí ẹni tí ó kọ ọ́ lè yẹ inú rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n kòkòrò ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe àṣìṣe inú ètò, ẹni tí ó bá sì tẹ̀ lé e yóò sọ irinṣẹ́ náà ní apakòkòrò, èyí tí àgbẹ̀ mọ̀ sí oògùn tí wọ́n ń fín sí ẹ̀wà lóko. GDB kì í pa ohunkóhun. Ó ń tú iṣu dé ìsàlẹ̀ ìkòkò ni, nítorí náà atú-ètò-wò ni ó yẹ ẹ́.

Fún ibi tí ẹ̀rọ ń tọ́jú ohun tí ó ń lò lọ́wọ́ sí, ìrántí ni ó kọ́kọ́ ń wá síni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìrántí ni ohun tí ó padà wá sọ́kàn, iyè sì ni ibi tí ó ti jáde, ìyàtọ̀ tí àwọn tí wọ́n sọ oògùn kan ní ìsọyè ti rí kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí yóò gbé ohun inú fáìlì wọ inú iyè náà ni ó le jù. Restore ni orúkọ àṣẹ tí GDB ń lò, “dá padà” sì ni ìtumọ̀ tí ó yá, àmọ́ ó ṣeé ṣe kí ohun inú fáìlì náà má tí ì débẹ̀ rí. Kó náà kò bá a mu, nítorí ẹni tí ó kó ọkà bàbà láti oko wọ àká kò fi nǹkan sílẹ̀ lóko, nígbà tí fáìlì kò kúrò lórí díìsìkì. Dà kọ ni ó sún mọ́ ọn: àdàkọ, tí í ṣe à, dà àti kọ, gbà pé ti àkọ́kọ́ ṣì wà. Síbẹ̀ kò sọ pé ohun tí ó wà ní àdírẹ́sì náà tẹ́lẹ̀ ti pa rẹ́, ìdí nìyí tí bò fi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Bí ènìyàn bá tẹ restore aworan.bin binary 0x20000000, níbi tí binary ti ń sọ pé kí a mú fáìlì bí ó ti wà gan-an, GDB yóò da ohun inú rẹ̀ kọ bo gbogbo ohun tí ó bá pàdé láti àdírẹ́sì yẹn lọ. Àdàkọbò ni iṣẹ́ náà.