Man Friday (Fíìmù Ọdún 1975)

Man Friday jẹ́ fíìmù kan tó tún ìtàn Robinson Crusoe sọ láti fi bu ẹnu àtẹ́ lu ìjẹgàba òyìnbó lórí ilẹ̀ ẹlòmíì. Jack Gold ló darí rẹ̀. Adrian Mitchell, akéwì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́, inú eré tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ ṣáájú ló sì ti mú un jáde. Peter O'Toole ló ṣe Crusoe. Richard Roundtree, tí fíìmù Shaft ti sọ di ìlúmọ̀ọ́ká ní 1971, ló ṣe Friday. Mẹ́síkò ni wọ́n ti yà á, ó sì wà lára àwọn fíìmù tó díje ní àjọ̀dún fíìmù Cannes lọ́dún 1975.

Ìwé Daniel Defoe tó jáde ní 1719 ni orísun ìtàn náà. Ọ̀pọ̀ tó kà á nílé ìwé ló rántí agboòrùn awọ ewúrẹ́ àti ojú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lórí iyanrìn. Ìwọ̀nba ló rántí ohun tí Crusoe ń wá lọ tí ọkọ̀ rẹ̀ fi rì. Ó ní oko ní Bràsíl; láti ibẹ̀ ló ti gbéra, etí òkun Guinea lọ́dọ̀ tiwa níbí ló forí lé, ẹrú ló sì fẹ́ wá kó. Bẹ́ẹ̀ òun náà ti ṣẹrú rí ní ìlú Salé ní Mòrókò. Nígbà tó sá kúrò níbẹ̀, ó ta Xury, ọmọkùnrin tó bá a sá, fún ọ̀gá ọkọ̀ Potogí kan. Nígbà tó wá kan Friday, ọkùnrin tó bá pàdé ní erékùṣù tó gúnlẹ̀ sí lẹ́yìn tí ọkọ̀ rì, kò tiẹ̀ bi í léèrè orúkọ. Ó fi ọjọ́ tí wọ́n pàdé sọ ọ́ lórúkọ, ó ní kí ó máa pe òun ní Ọ̀gá.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Nínú fíìmù yìí, Friday ló ń rojọ́. Ó ti padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n pagbo yí i ká, ó ń ròyìn òyìnbó abàmì tó yìnbọn pa àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó sì wá sọ ara rẹ̀ di olùkọ́ òun. Crusoe kọ́ ọ nípa ẹ̀ṣẹ̀, ìjìyà, ohun ìní àti eré ìdíje. Friday kò rí adùn tó wà nínú kí ẹnì kan borí kí ẹnì kejì fìdí rẹmi. Èyí tó pani lẹ́rìn-ín jù ni ti owó iṣẹ́: Crusoe ń san owó wúrà fún un ní erékùṣù tí kò sí ọjà, tí kò sí ẹni tí yóò tajà.

Nígbẹ̀yìn, Crusoe bẹ àwọn ará Friday pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa bá wọn gbé, kí òun sì máa kọ́ àwọn ọmọ wọn. Friday ló kọ̀ jálẹ̀: ó ti mọ irú ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́ wọn.

Michel Tournier ti gbìyànjú irú iṣẹ́ báyìí nínú ìwé kan ní 1967, J. M. Coetzee náà ṣe tirẹ̀ nínú Foe (1986), níbi tí Friday kò ti ní ahọ́n mọ́. Ti Mitchell ló la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ jù, àléébù rẹ̀ náà sì nìyẹn, torí àwọn ibì kan wà tí eré ti di ìwàásù. Friday gbọ́n, ó dára, kò ṣìṣe rárá, kò sì sí ẹni tó rí bẹ́ẹ̀. Crusoe, pẹ̀lú gbogbo ìwà ìkà rẹ̀, ni O'Toole ṣe débi tí a fi rí ìbẹ̀rù àti ìdánìkanwà tó ń bá a jà, òun ló sì jọ ènìyàn jù nínú fíìmù náà.