Ẹ̀jẹ̀ Tó Wálẹ̀ Lára Òkú: Láti Ọwọ́ Song Ci títí dé Edinburgh

Bí ọkàn ènìyàn bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn káàkiri ara mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ó máa ń lọ sí apá ibi tó bá kọjú sí ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ògì ṣe ń wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí omi rẹ̀ sì ń tòrò lókè. Kí wákàtí 2 tó kọjá, àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú sábà máa ń hàn lára òkú; yóò sì máa dúdú sí i títí tí ẹni tó rí i lè fi rò pé wọ́n na olóògbé náà ni. Àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́rìí nílé ẹjọ́ ń pè é ní livor mortis. Jíjọ tí ó jọ àmì ìnà yìí ni ó mú kí ìtàn rẹ̀ ṣe pàtàkì, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kan ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀.

Ní ọdún 1247, Song Ci, adájọ́ kan ní ilẹ̀ Ṣáínà, kọ Xiyuan jilu, ìwé tí àkọlé rẹ̀ dá lórí fífọ ẹ̀sùn àìtọ́ nù. Àwọn òṣìṣẹ́ ọba tó ń lọ yẹ òkú wò ni ó kọ ọ́ fún, kì í ṣe àwọn oníṣègùn. Ó to àwọn ibi tí àwọ̀ pupa náà ti máa ń hàn lẹ́sẹẹsẹ: ẹ̀yìn ọrùn, ẹ̀yìn, ẹ̀yìn ìhà, ìbàdí àti ẹ̀yìn ẹsẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé wọ́n tẹ́ òkú náà sílẹ̀ ní ìdojúsókè, ẹ̀jẹ̀ sì wálẹ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí a tìtorí rẹ̀ wá ohun mìíràn tó pa á. Ọdún 381 ni ó kọjá kí William Harvey tó tẹ ìwé jáde, ní 1628, lórí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ara ká. Ohun tí ojú ti rí lára òkú léraléra ni Song Ci gùn lé.

Ìwé náà tún fi ọ̀nà kan lélẹ̀ láti dá àmì ìnà mọ̀: kí a kán omi sí ojú ibi tó dúdú. Bí ó bá jẹ́ àmì ìnà, ibẹ̀ yóò le, omi yóò sì dúró. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ yóò rọ̀, omi yóò sì ṣàn lọ. Lóde òní, wọ́n máa ń la awọ ara wò. Ẹ̀jẹ̀ tó kàn wálẹ̀ ṣì wà nínú iṣan, ó sì ṣeé fọ̀ nù. Ẹ̀jẹ̀ ibi tí wọ́n ti lu ènìyàn ti tú sínú ẹran ara, omi kò sì lè mú un kúrò.

Ìbéèrè kan náà yọjú ní Edinburgh, ní ilẹ̀ Scotland, ní 1828. William Burke àti William Hare ń pa ènìyàn, wọ́n sì ń ta òkú wọn fún Robert Knox, tó ń kọ́ni nípa ẹ̀yà ara. Nínú àpótí tíì ni ọlọ́pàá ti bá òkú obìnrin tí wọ́n pa gbẹ̀yìn, pẹ̀lú àmì lára rẹ̀. Ṣé kí ó tó kú ni wọ́n ti lù ú, àbí kíká tí wọ́n ká a mọ́ inú àpótí ló fà á? Robert Christison, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Edinburgh, lu òkú mìíràn láti mọ̀. Àbájáde rẹ̀, tó tẹ̀ jáde ní 1829, fi hàn pé bí a bá lu òkú láìpẹ́ lẹ́yìn ikú, àmì rẹ̀ lè jọ ti ẹni tí a lù láàyè. Nílé ẹjọ́, ó ní ó jọ pé ìwà ipá ló pa obìnrin náà, ṣùgbọ́n kò sọ pé ó dájú. Ẹ̀rí Hare, tí ìjọba ti ṣèlérí pé àwọn kò ní bá ṣẹjọ́, ni ó wúwo jù. Wọ́n yẹgi fún Burke ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1829.

Orúkọ tí a ń pe àmì yìí náà ní ipa tirẹ̀. Àwọ̀ ni Látìn wò. Totenflecke ti èdè Jámánì àti shiban ti Ṣáínà òde òní túmọ̀ sí àbàwọ́n ara òkú. Song Ci ní tirẹ̀ sọ ohun tó fà á. Bí a bá fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Yorùbá, ọ̀nà Song Ci ló sàn jù, nítorí pé lẹ́nu Yorùbá, àbàwọ́n kì í mọ sí ara aṣọ; ó ń ba orúkọ ènìyàn jẹ́ pẹ̀lú. Àpá, ní tirẹ̀, ń tọ́ka sí ọgbẹ́ tí ẹnìkan tàbí nǹkan kan dá sí ara. Ẹ̀sùn ti wà nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìwálẹ̀ ẹ̀jẹ̀ òkú kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Bí ó bá wà nínú ìwé àyẹ̀wò òkú, ẹbí tí wọ́n kà á fún yóò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ṣe, kí wọ́n tó bèèrè ẹni tó na olóògbé wọn.