Ipele Àárín Tí Ó Ń Sọnù: Ìtàn àti Ọjọ́ Iwájú Ilé Ìwòsàn Ìjọba ní Ìlú Ìlọrin

1. Ìfáárà

Ohun tí pépà yìí dá lé lórí ni bí ilé ìwòsàn ìjọba ṣe fìdí múlẹ̀ ní Ìlọrin, bí ó ṣe ti ọwọ́ ìjọba kan bọ́ sí ọwọ́ òmíràn, àti ohun tí ìtàn náà fi hàn nípa ọjọ́ iwájú. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ nípa ìlera ní ìlú náà a máa ka iye ilé: mélòó ni ìjọba kọ́, mélòó ni ó ti di àlàpà. Èrò pépà yìí yàtọ̀. Àìtó ilé nìkan kọ́ ni ìṣòro Ìlọrin. Ipele àárín ni ó mẹ́hẹ láti ọdún 1980, èyí ni ilé ìwòsàn àárín ìgboro tí ó lè gba aboyún tí ìrọbí rẹ̀ le lóru, tí ó lè ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò díjú, tí owó rẹ̀ kò sì kọjá agbára ẹni tí ń pàtẹ ní Ọjà Ọba.

2. Ìṣègùn kí ọsibítù tó dé, àti ìdí tí ó fi jẹ́ ti ìjọba nìkan

Kí àwọn Òyìnbó tó dé, ìwòsàn kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni ní Ìlọrin. Àwọn ààfáà wà tí ń ṣe hàǹtú àti tírà, àwọn oníṣègùn wà tí ń se àgbo, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá àgbà tí ń gbẹ̀bí kò sì ṣọ̀wọ́n ní agbo ilé. Agbára wọn ní ààlà, ṣùgbọ́n aláìsàn kì í rìn jìnnà kí ó tó rí wọn, wọ́n sì mọ ìdílé rẹ̀.

Ní 1897 ni ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin. Nígbà tí ó sì di 1900, ìlú náà bọ́ sábẹ́ ìjọba Àríwá Nàìjíríà. Ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ìlú tí Ẹ́míà ń ṣàkóso ni pé kí àwọn míṣọ́nárì má ṣe da ẹ̀sìn Ìsìláàmù láàmú. Ìlànà yìí dáàbò bo ẹ̀sìn ìlú, ṣùgbọ́n ó ní àbájáde mìíràn tí a kì í sábà mẹ́nu bà. Ní ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ìjọ ni ó kọ́kọ́ mú ọsibítù wá. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò jìnnà sí Ìlọrin, àwọn Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìṣègùn ní 1907. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní Iléṣà. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwòsàn kan tí àyípadà ìjọba kò lè tètè mì. Ìlọrin kò ní irú rẹ̀. Ìjọba ni ó gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí náà gbogbo ìgbà tí ìjọba bá yí ọwọ́ padà, ara aláìsàn ni ó máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

3. Láti 1967 dé 1980

Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún 1967 ni a dá ìpínlẹ̀ tí a wá mọ̀ sí Kwara sílẹ̀, tí Ìlọrin sì di olú ìlú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọ ìlú, àwọn oníṣòwò tẹ̀ lé wọn, ìgboro sì ń fẹ̀. Ilé ìwòsàn méjì ni ó gba iṣẹ́ yìí jù lọ: Jẹ́nẹ́rà Ọsibítù àti ilé ìgbẹ̀bí tí ó wà ní Amílẹ́gbẹ́. Ti ìpínlẹ̀ ni àwọn méjèèjì.

Ní 1975 ohun méjì ṣẹlẹ̀. Èkínní, ètò ìdàgbàsókè kẹta ti ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà kalẹ̀ fún ìlera ìpìlẹ̀: fún gbogbo 150,000 ènìyàn, ilé ìlera ńlá kan, àwọn àárín mẹ́rin, àti kéékèèké ogún. Èkejì, a dá ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó di Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀. Yunifásítì tí yóò kọ́ àwọn dókítà gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọn yóò ti kọ́ iṣẹ́ lára aláìsàn. Nígbà tí a dá Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn ti Yunifásítì náà sílẹ̀ ní 1980, a kò dúró de ilé tuntun. Jẹ́nẹ́rà Ọsibítù àti ilé ìgbẹ̀bí Amílẹ́gbẹ́ ni a fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

4. Èrè àti àdánù

Kò tọ́ kí a fojú kékeré wo èrè tí ó wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ nínú ìṣègùn dé sí ìlú tí kò ní irú wọn tó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, a sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ dókítà láìjẹ́ pé wọ́n lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó.

Ṣùgbọ́n ohun tí a fi rọ́pò ohun tí a mú kò tó. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ wà fún àìsàn tí ó díjú, tí ilé ìwòsàn kékeré ti gbìyànjú rẹ̀ tí kò ṣeé ṣe. Nígbà tí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá wà ní ipò Jẹ́nẹ́rà, ibà àti ìgbẹ́ gbuuru yóò tò sórí ìlà kan náà pẹ̀lú àrùn ọkàn. Iṣẹ́ yóò wọ òṣìṣẹ́ lọ́rùn, aláìsàn yóò sì pẹ́ lórí ìjókòó.

Àsìkò náà kò rọrùn. Nínú ìkéde ìfipágbàjọba ti 31 oṣù kejìlá 1983, ipò àwọn ọsibítù jẹ́ ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí àwọn ológun kà sí ìjọba alágbádá lẹ́sẹ̀. Láti 1986 ni ètò àtúntò ọrọ̀ ajé sì ti sọ ìtọ́jú di ohun tí aláìsàn ń fi owó ara rẹ̀ rà, láti orí kàádì títí dé orí oògùn. Ẹni tí kò rówó a máa gba ilé kẹ́míìsì lọ.

Ní 1988, lábẹ́ Olikoye Ransome-Kuti tí ó jẹ́ mínísítà ìlera, ìlànà orílẹ̀-èdè pín iṣẹ́ sí ipele mẹ́ta: ìpìlẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀, àárín fún ìpínlẹ̀, òkè fún ìjọba àpapọ̀. Ìpínyà náà dára lórí ìwé. Ní Ìlọrin, ilé méjì tí ìpínlẹ̀ ì bá fi ṣe ipele tirẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Àwọn ilé bí ti Sóbí, ti àwọn ọmọdé ní àárín ìgboro àti ti Adéwọlé ni ìpínlẹ̀ wá gbójú lé.

5. Ìpadàbọ̀ ilé

Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ kó lọ sí ààyè rẹ̀ gan-an lójú ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́, ní ẹ̀yìn ìlú. Jẹ́nẹ́rà Ọsibítù padà sọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Àwọn kan lè sọ pé ọ̀ràn ti parí níbẹ̀, pé ohun tí a mú ni a ti dá padà. Ṣùgbọ́n ilé ni ó padà. Àwọn onímọ̀ àti irinṣẹ́ wọn bá ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ lọ.

Kí a wo obìnrin kan ní Pàkátà tàbí ní Òkèlele tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ ní aago méjì òru. Ní ìgbà tí Amílẹ́gbẹ́ jẹ́ ilé ìgbẹ̀bí ńlá ìlú, àárín ìlú ni ìrànlọ́wọ́ wà. Nísinsìnyí, bí ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ ọn kò bá ní dókítà, iná àti ẹ̀jẹ̀ tí a lè fà sí i lára, ọkọ̀ ni ìdílé rẹ̀ yóò máa wá láti jáde kúrò ní ìlú. Ẹ̀jẹ̀ tí ń ya kì í dúró de ọkọ̀.

Ní 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, ilé ìwòsàn Sóbí ni ìpínlẹ̀ fi ṣe ibi ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláìsàn. Èyí fi hàn pé ilé ìpínlẹ̀ ni gbogbo ìlú máa ń sá bá nígbà tí ọ̀ràn bá dé.

6. Ọ̀ràn owó

Bí a bá tún ilé ṣe tí owó kò sí lọ́wọ́ aláìsàn, òfo ni. Kwara ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lórí èyí. Ní 2007, ìjọba ìpínlẹ̀, Hygeia àti àjọ kan láti ilẹ̀ Dọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ ètò adójútòfò ìlera fún àwọn ará oko ní Ṣóńgà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Edu. Owó díẹ̀ ni ẹni kọ̀ọ̀kan ń san. Ìpínlẹ̀ àti àwọn olùrànlọ́wọ́ ń san ìyókù. A sì ń tún àwọn ilé ìwòsàn tí ó wà nínú rẹ̀ ṣe. Àwọn ènìyàn lo ilé ìwòsàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìwádìí sì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn tí ó wà nínú ètò náà rọlẹ̀ ju ti àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó àlejò ni ó gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ ró, ètò náà kò sì lè pẹ́ títí bí ó ti wà. Òfin ìlera ti 2014 yà ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìlera ìpìlẹ̀. Ti 2022 sì sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn. Òfin méjèèjì nílò ilé ìwòsàn tí a ó ti lò ó.

7. Ìkádìí

Ìtàn yìí fi hàn pé lẹ́ẹ̀mejì ni a ṣí ilé ìwòsàn ní Ìlọrin nípò láìkọ́kọ́ bi ara wa léèrè ta ni yóò ṣe iṣẹ́ tí ó ń ṣe tẹ́lẹ̀: ní 1980 nígbà tí a gbà á, àti nígbà tí a dá a padà. Ọjọ́ iwájú wà lọ́wọ́ ìdáhùn sí ìbéèrè náà. Ó yẹ kí ìpínlẹ̀ kọ́kọ́ fi òṣìṣẹ́ àti irinṣẹ́ kún Jẹ́nẹ́rà Ọsibítù àti àwọn ilé àárín ìgboro kí ó tó kọ́ òmíràn. Kí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó wà ní ìlú mú ilé ìlera ìpìlẹ̀ ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Kí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ sì máa rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ rẹ̀ wá sí àárín ìlú, nítorí ibẹ̀ ni àìsàn tí ó wọ́pọ̀ wà. Àkàbà tí ipele àárín rẹ̀ ti já kò ṣeé gùn, bí òkè rẹ̀ ti wù kí ó lágbára tó.