Ẹ̀rọ Ìránṣọ Àkọ́kọ́ fún Ọmọdé, àti Ìtàn Rẹ̀

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí inú ìjọ a máa bi mí, pàápàá jùlọ bí ọdún Kérésìmesì bá ń súnmọ́ etílé: "Bàbá, ọmọ wa fẹ́ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, irú ẹ̀rọ wo ni kí a kọ́kọ́ rà fún un?" Ìbéèrè náà dàbí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ ìtàn ẹ̀rọ yìí lè ná owó rẹ̀ lásán, kí ó sì ba ọmọ rẹ̀ lọ́kàn jẹ́.

Ní ọdún 1830, ní ilẹ̀ Faransé, aránṣọ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Barthélemy Thimonnier gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tí ń fi òwú kan ṣoṣo ránṣọ, tí òwú náà ń kọ́ ara rẹ̀ bí ẹ̀wọ̀n. Ó kó nǹkan bí 80 irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jọ ní ìlú Paris, ó sì ń fi wọ́n rán aṣọ àwọn ọmọ ogun. Ní ọdún 1831 àwọn aránṣọ ìlú náà rí i pé oúnjẹ fẹ́ bọ́ lẹ́nu àwọn. Wọ́n dìde, wọ́n sì fọ́ ẹ̀rọ náà.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án ọdún 1846, Elias Howe ará Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ olówú méjì. Ọ̀kan wà nínú abẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ wà ní ṣóńṣó. Èkejì wà nísàlẹ̀, nínú ọkọ̀ kékeré bí ti àwọn ahunṣọ. Òwú méjèèjì a dì mọ́ ara wọn nínú aṣọ, tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan tilẹ̀ já, ojú rírán kò ní í tú tán. Kí àwọn ònkàwé wa sì kíyèsí i pé ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà ni Àjàyí Crowther wọ Abẹ́òkúta, tí ó sì tún fi ojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Ní ọdún 1851 Isaac Singer gba ìwé àṣẹ tirẹ̀. Nígbà tí ó sì di ọdún 1856, ilé iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀, kí àwọn tí kò lówó púpọ̀ lè ní in.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó kọ́ àwọn baba wa ní aṣọ rírán. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń so awẹ́ aṣọ òfì pọ̀, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn agbádá. Anna Hinderer, tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1853, kọ́ àwọn ọmọdé ilé rẹ̀ ní Kúdẹ̀tì ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ọwọ́ ṣáájú ẹ̀rọ, ètò náà sì tọ́ títí di òní: kí ọmọ kọ́kọ́ lè fi ọwọ́ so awẹ́ aṣọ méjì pọ̀ kí a tó ra ẹ̀rọ fún un.

Ní ọdún 1857 James Gibbs, àgbẹ̀ kan ní Virginia, mú ẹ̀rọ olówú kan padà ní ọ̀nà tí ó dára jù. Irú rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Singer ṣe fún àwọn ọmọdé ní ọdún 1910, tí wọ́n sọ ní Nọ́ḿbà 20. Kò sí òwú ìsàlẹ̀ tí yóò dà á rú mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé bí a kò bá so ìdí òwú náà, tí ẹnìkan sì fà á, gbogbo ojú rírán yóò tú.

Èmi fúnra mi ni ẹlẹ́rìí. Mo ra ẹ̀rọ olówú kan, tí a fi ike ṣe, fún ọmọbìnrin mi nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó fi rán ẹ̀wù fún àbúrò rẹ̀ fún ọjọ́ Ìkórè. Bí a ti dìde kọ orin, àbúrò fa òwú tí ó rí ní abẹ́ apá rẹ̀, ẹ̀wù sì ya dé ìbàdí. Ìjọ rẹ́rìn-ín, ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín. Fún odidi ọdún kan kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́. Mo pè é ní ọ̀lẹ; èmi ni mo jẹ̀bi.

Ìyá mi ni ó gbé ẹ̀rọ dúdú rẹ̀ àtijọ́ jáde, èyí olówú méjì tí a ń fi ọwọ́ yí. Ọmọ náà fi ọwọ́ ọ̀tún yí i, ó sì fi ọwọ́ òsì darí aṣọ. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró, ẹ̀rọ a dúró. Ẹ̀rọ náà kò lè sáré ju ẹni tí ń yí i lọ. Èyí ni ìwà rere rẹ̀.

Nítorí náà ìmọ̀ràn mi nìyí. Ẹ ra olówú méjì. Kí ó wúwo tó, kí ó má baà máa rìn lórí tábìlì. Ẹ kọ́kọ́ wá èyí tí a ń fi ọwọ́ yí. Bí ó bá jẹ́ ti iná mànàmáná, kí ó jẹ́ èyí tí a lè dín eré rẹ̀ kù, kí àgbà sì jókòó tì í. Kí ẹ sì rí i dájú pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà ní ọjà, àti pé ẹni tí ó lè tún un ṣe kò jìnnà. Àwọn àgbà ní, ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ tó ni kí a gbé síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ojúlówó. Àwọn aránṣọ ni wọ́n fọ́ ẹ̀rọ Thimonnier. Ìfẹ́ ọmọdé sí iṣẹ́ kò béèrè òòlù kí ó tó fọ́.