Mímira àti Fífi Orí Gbá Nǹkan Kí Ọmọ Ọwọ́ Tó Sùn

Mímira àti fífi orí gbá nǹkan jẹ́ ìṣesí tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ ọwọ́ tí oorun ń kùn, nínú èyí tí ọmọ yóò máa mi gbogbo ara, tàbí kí ó máa yí orí sọ́tùn-ún sósì, tàbí kí ó máa fi iwájú orí gbá ìrọ̀rí, pákó bẹ́ẹ̀dì tàbí ògiri léraléra, títí oorun yóò fi gbé e lọ. Ní ọdún 1905 ni Julius Zappert, oníṣègùn ní ìlú Vienna, fún un ní orúkọ Látìnì náà, jactatio capitis nocturna.

Ọmọ tó ń ṣe é sábà máa ń dúró lórí ọwọ́ àti orúnkún, a sì máa mi síwá sẹ́yìn ní nǹkan bí ìgbà kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kì í sunkún, ojú rẹ̀ a máa pa dé díẹ̀díẹ̀, kì í sì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Mímira máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, fífi orí gbá nǹkan ní nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án. Ìwádìí Klackenberg ní Swídìn, tó jáde ní 1971, rí ọ̀kan nínú àwọn ìṣesí wọ̀nyí lára ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́rin, ìdá 8 péré ló kù.

Ẹ̀yà ara kan wà nínú etí lọ́hùn-ún tó ń fi tó ọpọlọ létí pé ara ń mì, ìmì tó bá sì ń lọ déédéé máa ń mú ara ọmọ balẹ̀. Ní 2013, àwọn olùwádìí ní Japan fi hàn pé bí ìyá bá gbé ọmọ tó sì ń rìn, ọkàn ọmọ a máa lù wọ́ọ́rọ́wọ́ ju ìgbà tí ìyá jókòó gbé e lọ. Àwọn ìyá ọlọ́jà ní Oregbeni, ní Ikpoba Hill, ní ìlú Bìní, kò nílò ìwádìí kankan kí wọ́n tó mọ èyí, torí pé ọmọ tí wọ́n pọ̀n a máa sùn fọnfọn bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì ń nàró nídìí gààrí. Ọmọ tí kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni lóru a máa fi ara rẹ̀ wá irú ìmì bẹ́ẹ̀.

Ewu tó tóbi jù ni kí àwọn òbí pe ìṣesí yìí ní gìrì. Nínú gìrì, ojú ọmọ a yí sókè, ara a le, kì í sì í dáhùn ìpè, nígbà tí ọmọ tó ń mira sábà máa ń dáwọ́ dúró bí a bá gbé e. Àgbo gìrì tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe, èyí tí àwọn olùwádìí ní Ìbàdàn ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970, lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ kí mímí sì dínkù, ó sì ti pa ọmọ. Kò sí ìdí kankan tí a fi gbọ́dọ̀ rọ ọ́ sí ọmọ lẹ́nu, yálà ó ní gìrì tàbí kò ní in.

Àìsàn mìíràn wà tí a kò gbọ́dọ̀ ṣì mú fún mímira, èyí tí oníṣègùn William James West ṣàpèjúwe ní 1841 lára ọmọ tirẹ̀: ara ọmọ a ṣàdédé ká jọ, orí a tẹ̀ síwájú, yóò tú u sílẹ̀, yóò sì tún ká jọ, lọ́pọ̀ ìgbà lọ́wọ́ kan, pàápàá bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Èyí fẹ́ ìtọ́jú kíákíá, torí pé ìfàsẹ́yìn ń ba ìdàgbàsókè ọpọlọ jẹ́.

Ní ti mímira gan-an, kò sí oògùn tó yẹ ọmọ tó ń dàgbà dáadáa. Kí a fún ìdè bẹ́ẹ̀dì le, kí a sún un kúrò lára ògiri, kí a má sì to ìrọ̀rí yí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ká, torí pé ó lè dí i ní imú. Bí ó bá ń bá a lọ lẹ́yìn tí ọmọ ti pé ọdún márùn-ún, tàbí tí ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ tí kì í sì í wojú ènìyàn, ó yẹ kí oníṣègùn ọmọdé rí i, bíi ti ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Benin ní Ugbowo, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973. Fídíò tí òbí bá fi fóònù ká nígbà tó ń ṣẹlẹ̀ sì máa ń ran oníṣègùn lọ́wọ́ ju àlàyé ẹnu lọ.