Ayò Àjọṣe, Ayò Adádúró: Orúkọ Tó Yẹ Géèmù Òde Òní

Ní àwọn ìsọ̀ géèmù tó wà ní Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH, bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ló sábà máa ń wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Kò sí ohun tó jẹ mọ́ ọn tí kò ní orúkọ lẹ́nu àwọn ọmọ náà: wọ́n ń gbá géèmù, wọ́n di páàdì mú, ẹnì kan na ẹnì kejì ní àmì ayò mẹ́ta sí òdo. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kan irú géèmù tí èmi fẹ́ràn jù, èyí tí àwọn èèyàn díẹ̀ ṣe láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn wọn, àti èyí tí èèyàn méjì tàbí mẹ́rin fi ń jọ ṣiṣẹ́ kan náà, kíá la ó ti bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tá a nílò ti wà nídìí ọpọ́n ayò àti lóko.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nídìí ọpọ́n. Ilé 12 ló wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹni tó mọ ayò ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni òpè. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lórí rédíò ti yá nínú rẹ̀: “àmì ayò” ni wọ́n ń pe góòlù, tọmọdé tàgbà ló sì yé. Nítorí náà, ayò ni kí géèmù máa jẹ́ nínú ìwé, ká pe ẹni tó mọ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ̀ta, ká pe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di páàdì mú ní òpè. Ní ti páàdì fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ tí “ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá” ti wà nínú ìwé, síbẹ̀ “kọ̀ǹpútà” ló wà lẹ́nu ará ọjà. Ọ̀rọ̀ tó bá gùn jù, ẹnu kì í gbé e.

Kí ni ká wá pe iṣẹ́ àwọn tí kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá? Eric Barone, ará Amẹ́ríkà, nìkan ló ya àwòrán Stardew Valley, òun ló kọ orin rẹ̀, òun ló kọ ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì lo ohun tó lé ní ọdún mẹ́rin kó tó gbé e jáde ní 2016. Ní ọdún yẹn kan náà ni Kiro'o Games ní Yaoundé, lórílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, gbé Aurion jáde. Ẹlòmíì lè fẹ́ pe irú iṣẹ́ báyìí ní “aládàáni”, bíi ti ilé-ẹ̀kọ́ tí kì í ṣe ti ìjọba, ṣùgbọ́n aládàáni ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá náà. “Adádúró” ni mo fara mọ́. Bí ọmọ iṣẹ́ bá gba òmìnira, tó kúrò lábẹ́ ọ̀gá, tó ṣí ìsọ̀ tirẹ̀, a ó ní ó ti dá dúró. Kò di dandan kó jẹ́ òun nìkan ló wà ní ìsọ̀ náà. Kó má sí ọ̀gá tí yóò máa pàṣẹ fún un ló ṣe pàtàkì.

Ibi tí èdè wa ti rí jẹ jù ni ayò àjọṣe. Ẹ wo Overcooked, tó jáde ní 2016. Ilé ìdáná ni. Oúnjẹ tí oníbàárà fẹ́ ń yọ lókè, àkókò ń lọ. Ẹnì kan ń gé àlùbọ́sà, ẹnì kan dúró ti ìkòkò, ẹnì kan ń fọ abọ́. “Abọ́ dà?” “Ọbẹ̀ ń jóná o!” Bí wọn kò bá tètè sọ ìkòkò kalẹ̀, iná á ràn. Àjọṣe gan-an nìyẹn, iṣẹ́ kan, ẹrù kan.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló rí báyẹn, àwọn baba wa sì ti ya irú ìrànlọ́wọ́ iṣẹ́ oko sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú Terraria, tó jáde ní 2011, èèyàn lè gbé irinṣẹ́ tirẹ̀ lọ sí ayé ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó bá a ṣiṣẹ́, kó padà sí tirẹ̀. Lọ́la, ọ̀rẹ́ náà á wá san án padà. Àáró nìyẹn. Nínú Elden Ring, tí kì í ṣe ayò adádúró, bí ọ̀tá kan bá le jù, o lè ké sí àwọn ẹlòmíì kí wọ́n wá bá ọ pa á. Bó bá ti kú, oníkálukú á padà sílé. Ọ̀wẹ̀ lo bẹ̀ wọ́n yẹn. Nínú Stardew Valley, oko kan ni gbogbo yín ń ro, àpò owó kan náà lẹ sì sábà máa ń ná: oko àjọni ni. Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan. Yorùbá ní orúkọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì gbọ́ orúkọ náà ti mọ ohun tí yóò bá níbẹ̀ kó tó ra ayò náà.

Ní 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú Èdè-Ìperí Yorùbá, tó fún àwọn olùkọ́ ní ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi kọ́ni ní gírámà àti lítíréṣọ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tọ́ sí ayò orí kọ̀ǹpútà náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní LAUTECH, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ èdè Yorùbá ní Ọ̀yọ́, Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò jìnnà: ẹ jókòó pọ̀, ẹ jọ to àwọn ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin ọ̀ta tẹ́ ẹ wà nídìí páàdì, ẹ máa sọ wọ́n lẹ́nu, torí ọ̀rọ̀ tí a kò bá sọ kì í pẹ́ kú.